Ọdẹ́rìndé àti Aṣọ Ilé-Ọ̀rọ̀ Àwẹ̀ró

Ẹni tí ó ń gúnyán, kí ó gbé ọmọ odó sílẹ̀. Ẹni tí ikọ́ ń ṣe, kí ó wúkọ́ rẹ̀ tán kí n tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ará Òkè-Ìtàpá, nítorí ọ̀rọ̀ yìí wúwo, n kò sì fẹ́ máa pariwo rẹ̀. Ọdẹ ni mí. Ẹ wo àpá yìí ní ìgbọ̀nwọ́ mi: ẹfọ̀n ni. Ẹ wo èyí ní orúnkún: ìyẹn kò ṣeé ròyìn níwájú àwọn ọmọdé. Ṣùgbọ́n ìrìn tí mo fẹ́ rò lónìí, kì í ṣe ẹsẹ̀ mi ni ó rìn ín. Ọdẹ́rìndé, ọ̀gá tí ó kọ́ mi ní ìbọn yíyìn, ni ó rìn ín, ohun tí ó sì bá pàdé lọ́nà ju ẹfọ̀n lọ.

Ọdẹ́rìndé ní ìyàwó kan, Àwẹ̀ró ni orúkọ rẹ̀. Amọ̀kòkò ni. Bí ó bá ń mọ ìkòkò, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi: ìtàn ni, àlọ́ ni, oríkì ìdílé ni, èébú tí ó ń fi ìfẹ́ bú ọkọ rẹ̀ ni. Bí ó bá sì mọ ọ́n tán, kí amọ̀ tó gbẹ, á yí ṣùkù àgbàdo ká ọrùn ìkòkò náà, ojú ilà wẹ́wẹ́ á jáde síbẹ̀ bí ẹni pé ọ̀wọ́ eèrà ni ó gbabẹ̀ kọjá. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, Ọdẹ́ronkẹ́. Ọmọ náà gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ìyá rẹ̀ bí ilẹ̀ ṣe ń gba omi òjò. Nígbà tí ikú mú Àwẹ̀ró lọ, Ọdẹ́ronkẹ́ kó gbogbo ọ̀rọ̀ náà jọ, ó sì kọ́ ilé kan fún wọn, irú ilé tí àwọn ọmọ ìwòyí ń pè ní búlọ́ọ̀gì.

Ilé yìí kò sí lórí ilẹ̀ tí à ń tẹ̀. Inú Igbó Ìtàkùn Ayélujára ni ó wà, lẹ́yìn gíláàsì kọ̀ǹpútà. Ọdẹ́ronkẹ́ kò ra ògiri rẹ̀, kò sì jí i. Àwọn mọlémọlé kan ni wọ́n wà káàkiri ayé tí wọn kò mọ ojú ara wọn, síbẹ̀ tí wọ́n fi ọwọ́ kan mọ irú ilé bẹ́ẹ̀, tí wọ́n sì ní: ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́, kí ó mú un, kí ó wo bí a ti mọ ọ́n, kí ó tún un ṣe bí ó bá wù ú, kí ó sì fi fún ẹlòmíràn bí a ti fi fún un. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ amọ̀kòkò ṣe di onílé.

Ṣùgbọ́n ìhòòhò ni ilé náà wà. Nínú igbó yẹn, aṣọ ni a fi ń dá ilé mọ̀. Aṣọ tí ó ní àwọ̀, tí ó ń fi ẹnu ọ̀nà han àlejò, tí ó ń fi ibi tí yóò jókòó kàwé hàn án. Ilé tí kò bá wọṣọ, èrò á kọjá níwájú rẹ̀ bí ẹni kọjá níwájú ahoro. Bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò bá kà níbẹ̀, ńṣe ni ó ń parẹ́, díẹ̀díẹ̀, bí ẹfun tí òjò ń rọ̀ sí. Nítorí náà ni Ọdẹ́ronkẹ́ ṣe jókòó ti ògiri náà, tí ó ń ka ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ sókè láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́, kí ó má baà sí èyí tí ojú kò kàn. Ohùn rẹ̀ há títí ó fi dà bí ohùn ọ̀pọ̀lọ́.

Ọdẹ́rìndé wá bẹ̀ ẹ́ wò.

"Bàbá," ni ọmọ náà wí, "ohùn mi ń lọ. Àná ni àlọ́ ìjàpá àti alágbẹ̀dẹ ṣí kúrò lára ògiri, èmi nìkan ni mo sáré kà á padà. Bí mo bá dìde lọ wá aṣọ fún ilé yìí, kí n tó dé, Màámi á ti kú lẹ́ẹ̀kejì."

Ọdẹ́rìndé ní: "Aṣọ ni o ní ilé ń fẹ́?"

"Aṣọ ni, Bàbá."

"Kì í ṣe ìbọn?"

"Kì í ṣe ìbọn, Bàbá."

"Ó dára. Màá mú ìbọn dání bákan náà."

Ó wọ gbérí rẹ̀, ó gbé ṣakabùlà kọ́ èjìká, ó dé fìlà tí ìrù ẹran yí ká. Ẹ̀yin náà mọ àṣà wa. Ọdẹ tí ó bá pa ẹran ńlá, ìrù ni ó kọ́kọ́ ń gé, nítorí ẹni tí ìrù bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ó ni ẹran. Ẹni tí ó bá ru odidi erin wọ̀lú láìsí ìrù, ẹjọ́ ni ó rù wá. Ọdẹ́rìndé fi ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹ gíláàsì, gíláàsì náà là bí omi odò, ó sì wọ inú igbó náà lọ.

Igbó Ìtàkùn kì í ṣe igbó tí a ń fi àdá la. Ìtàkùn so mọ́ ìtàkùn, ìkọ̀ọ̀kan sì ń gbọ̀n bí ẹni pé ẹnìkan ń sọ̀rọ̀ ní ìdí rẹ̀. Èyí tí ọkùnrin náà bá fọwọ́ kàn ní yóò fà á lọ sí ibòmíràn. Ó fọwọ́ kan èyí tí ó ń dán jù, ẹsẹ̀ rẹ̀ bá balẹ̀ sí Ìlú Ojú-Lẹwà.

Ẹ̀yin tí ẹ rò pé ẹ ti rí ẹwà, ẹ jọ̀wọ́ ẹ dákẹ́. Ilé ni ó tò lọ bẹẹrẹ, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọ aṣọ tí ó ń kọ mànà. Nínú fèrèsé kọ̀ọ̀kan ni àwọn ènìyàn jókòó sí, tí eyín wọn tò bí àgbàdo tuntun, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí oúnjẹ tí èéfín ń rú lórí rẹ̀. Ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Afẹwàhàn jáde wá pàdé ọdẹ.

"Bàbá ọdẹ, ẹ kú ìrìn. Ẹ wo èyí. Ẹni tí ó bá fi bo ilé rẹ̀, ọba á yà kí i."

 Ọdẹ́rìndé lọ sí ẹ̀bá fèrèsé, ó kí àwọn tí ó wà níbẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì fèsì: "Lórẹ̀mù-ìpùsọ̀mù-dólórì." Ó kí wọn lẹ́ẹ̀kejì. "Lórẹ̀mù-ìpùsọ̀mù-dólórì." Ọ̀rọ̀ tí ó dún bí ọ̀rọ̀, tí kò sì wí nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni. Ọdẹ́rìndé di etí aṣọ náà mú, ó fà á díẹ̀. Àwọn ènìyàn náà ká mọ́ ọn, oúnjẹ náà ká mọ́ ọn. Kíkùn ni wọ́n kùn wọ́n. Kò sí ilé kankan lábẹ́ rẹ̀, ọ̀pá ni wọ́n fi gbé e dúró.

"Bí mo bá fi èyí bo ilé mi," ni Ọdẹ́rìndé bi í, "ṣé àwọn wọ̀nyí á bá a wá?"

"Ó tì o. Ti ìpolówó nìyẹn. Àwòrán tiyín ni ẹ ó fi sí ojú fèrèsé."

"Ìyàwó mi kò ya àwòrán rí láyé rẹ̀. Ó ní ojú òun kò sá lọ síbì kan tí wọn yóò fi máa lé e mú."

"Ẹ jẹ́ kí ó wá yà á báyìí, Bàbá."

"Ó ti kú."

 Ọdẹ́rìndé rọra na aṣọ náà padà sórí ọ̀pá, nítorí ẹni tí kò ra ẹrù kò gbọ́dọ̀ bà á jẹ́, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Níbi tí ìtàkùn ti pín sí yẹ̀lẹ̀yẹ̀lẹ̀ ni ó ti bá iwin kan pàdé. Ẹlẹ́nu-Oyin ni orúkọ rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ pọ̀ bí ẹsẹ̀ ọ̀kùn, aṣọ olówó iyebíye sì rọ̀ sórí ọwọ́ kọ̀ọ̀kan, irú èyí tí àwọn aránṣọ ńlá ń tà fún àwọn ìjòyè nìkan.

"Ọdẹ tí ìyàwó kú fún," ni iwin náà wí, ohùn rẹ̀ sì tutù, "mú èyí tí ó wù ọ́. Ọ̀fẹ́ ni. Má bi mí ibi tí mo ti rí i."

Ojú ọdẹ fà sí ọ̀kan. Ó dúdú bí aró, ó ní àyè ọ̀rọ̀ tí ó gbòòrò. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ọ̀gá tí ó kọ́ èmi ni. "Yí inú rẹ̀ síta kí n wò," ó ní.

"Bàbá, aṣọ kì í ṣe ẹran. A kì í yọ ìfun rẹ̀ wò."

"Ẹran tí kò bá jẹ́ kí n rí ìfun òun, èmi kì í jẹ ẹ́."

Ó fa aṣọ náà, iwin náà fà á. Ibi tí wọ́n gbé ń fà á ni aṣọ ìtẹ́nú abẹ́ rẹ̀ ti ya, ohun tí ó wà nínú rẹ̀ sì hàn: ilẹ̀kùn kéékèèké ni wọ́n rán mọ́ ọn láti òkè dé ilẹ̀, ojú kan ń yọjú lẹ́yìn ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan, tí ó ń ṣẹ́jú. Olè ni gbogbo wọn. Ẹni tí ó bá fi aṣọ yẹn bo ilé, ó ti fún wọn ní kọ́kọ́rọ́. Bí Ẹlẹ́nu-Oyin ti rí i pé àṣírí tú, ó na gbogbo ọwọ́ rẹ̀, ó fi wé ọdẹ bí ẹní tí a fi wé òkú. Èémí Ọdẹ́rìndé ń tán. Ó ní:

"A kì í fi àwọ̀n mú ẹ̀fúùfù. A kì í di ẹrù kí a di òjìji mọ́ ọn. Ẹyẹ kì í bínú kó sọ pé òun ò fò mọ́. Ìwọ ìdè, ìdè ń tú, ọ̀nà ń là, èmi ọmọ Ọlọ́dẹ ń kọjá."

Ọwọ́ iwin náà rọ. Ọdẹ́rìndé yin ìbọn sí àárín àwọn ojú náà, gbogbo ilẹ̀kùn pa dé lẹ́ẹ̀kan náà. Iwin náà kò kú. Ó palẹ̀ ìyókù aṣọ rẹ̀ mọ́, ó ní, "Máa lọ. Ẹni tí ń kánjú ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ, kò ní yí inú aṣọ wò." Òótọ́ ni iwin wí. Mo mọ mẹ́ta nínú àwọn oníkánjú bẹ́ẹ̀ ní àdúgbò yìí, ṣùgbọ́n n kò ní dárúkọ.

Lẹ́yìn èyí ni Ọdẹ́rìndé dé ìlú kan tí ó yà á lẹ́nu. Gbogbo aṣọ ibẹ̀ ni wọ́n yí inú rẹ̀ síta, tí wọ́n sì sá a sójú ọ̀nà, kí ẹni tí ń kọjá lè rí gbogbo kókó òwú àti ibi tí abẹ́rẹ́ gbà. Àwọn aránṣọ ìlú náà kì í jókòó pọ̀. Ẹnìkan á rán apá kan, á gbé e sílẹ̀, òmíràn tí kò mọ̀ ọ́n rí á wá rán ìyókù. Olórí wọn ni Ìyá Alábẹ́rẹ́, arúgbó tí irun rẹ̀ funfun bí òwú tí ó ń ran.

Ọdẹ́rìndé dọ̀bálẹ̀. "Ìyá, èmi ni Ọdẹ́rìndé, apẹkùn-má-wẹ̀yìn, ẹni tí erin gbọ́ ìró rẹ̀ tí ó gbàgbé ọ̀nà odò."

"A gbọ́," ni Ìyá Alábẹ́rẹ́ wí. "Ní ìlú yìí, a kì í pa nǹkan, oríkì rẹ kò lè ṣe wá ní ohunkóhun. Àlọ́ ni wàá já. Kí ni a fún ará ilé kejì, tí tiwa kò dín?"

Ọdẹ́rìndé ní: "Iná ni, Ìyá. Ó fi èèpo fọn tirẹ̀ lọ, iná wa ṣì ń jó."

"O gbìyànjú. Kí ni ọ̀pọ̀ ọwọ́ ń fọwọ́ kàn, tí ó ń dán sí i, tí kì í gbó, ṣùgbọ́n tí ó ń kú bí ọwọ́ bá fi í sílẹ̀?"

  "Ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni tí ó ti lọ ni," ni Ọdẹ́rìndé wí.

Ìyá Alábẹ́rẹ́ gbé òwú sílẹ̀. Ó ní kí ó jókòó, ó ní kí ó sọ irú ẹni tí Àwẹ̀ró jẹ́. Nígbà tí ọdẹ sọ ọ́ tán, ìyá náà mú un lọ sí ìdí okùn tí wọ́n sá aṣọ sí, ó ní kí ó yan èyí tí ó bá fẹ́. Ọdẹ́rìndé yan aṣọ bí ọdẹ ti ń yan awọ: ó nà án, ó gbé e sójú oòrùn, ó fi àtàńpàkò tẹ ibi tí ó rán sí. Kò mú èyí tí ó ń dán. Ó mú ọ̀kan tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí ilẹ̀ lẹ́yìn òjò, tí àyè ọ̀rọ̀ pọ̀ lára rẹ̀, bí fèrèsé rẹ̀ náà tilẹ̀ ń dúró de àwòrán. Ní ìṣẹ́tí rẹ̀ nísàlẹ̀ ni orúkọ gbogbo àwọn tí ó rán an wà, wẹ́wẹ́, ọ̀kan tẹ̀ lé ọ̀kan.

"Ó ti di tìrẹ bí ó ti jẹ́ tiwa," ni Ìyá Alábẹ́rẹ́ wí. "Ohun kan ni mo bẹ̀ ọ́. Má jẹ́ kí ó gbàgbé wa."

"Kò ní gbàgbé, Ìyá."

Ó rò pé ìkíni ìdágbére lásán ni. Bí ó ti jáde ní ẹnubodè, ó wo aṣọ tí ó wà léjìká rẹ̀, ó rántí Ìlú Ojú-Lẹwà, ó rántí ọwọ́ iwin ní ọrùn rẹ̀, inú rẹ̀ sì dùn bí inú ọdẹ tí ẹran ńlá ṣubú fún. Ó fa ọ̀bẹ yọ. Ó gé ìṣẹ́tí aṣọ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì fi í há ẹ̀gbẹ́ fìlà láàárín ìrù ẹkùn àti ìrù ìkookò. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Ta ni ọdẹ nínú yín tí ì bá fi ìrù sílẹ̀?

Nígbà tí ó padà délé, òun àti Ọdẹ́ronkẹ́ wọ aṣọ náà fún ilé Àwẹ̀ró. Èrò bẹ̀rẹ̀ sí yà. Wọ́n ń jókòó, wọ́n ń kà, àwọn kan ń fi ọ̀rọ̀ ìkíni sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n tó lọ. Ọdẹ́ronkẹ́ mu omi gbígbóná, ó dákẹ́, ohùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí padà.

Ṣùgbọ́n àwọn aránṣọ ìlú yẹn kì í rán aṣọ tán kí wọ́n kẹ̀yìn sí i. Bí wọ́n bá rí ibi tí ó fẹ́ ya, tàbí bí olè bá ti mọ ihò kan níbẹ̀, wọ́n á ran òwú tuntun, wọ́n á sì tú u sínú igbó, kí ó lọ tún gbogbo aṣọ wọn ṣe níbikíbi tí ó bá wà. Ìṣẹ́tí ni òwú náà fi ń dá aṣọ mọ̀. Òwú dé ilé Àwẹ̀ró, ó wá ìṣẹ́tí, kò rí i, ó kọjá lọ. Kò pẹ́ tí aṣọ náà fi bẹ̀rẹ̀ sí ya láti ìsàlẹ̀. Fèrèsé dì. Apá kan já bọ́, ó lẹ̀ mọ́ ògiri, nígbà tí Ọdẹ́ronkẹ́ sì fi gbogbo agbára ṣí i, ó kó ọ̀rọ̀ tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ lọ. Orin tí Àwẹ̀ró fi ń pe ọkọ rẹ̀ wálé wá jẹun láti oko ni. Ọmọ náà gbìyànjú láti kà á padà, kò rántí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ọdẹ́rìndé náà gbìyànjú. Ó ti ń gbọ́ orin yẹn láti ìgbà tí ó ti gbé Àwẹ̀ró níyàwó, ó la ẹnu, ẹnu rẹ̀ ṣófo.

"Bàbá," ni Ọdẹ́ronkẹ́ wí, "ìṣẹ́tí aṣọ yìí dà?"

Ọdẹ́rìndé fọwọ́ kan fìlà rẹ̀. "Ìrù ni mo gé. Ohun tí mo pa ni mo gé ìrù rẹ̀."

"Bàbá, ẹ ò pa á. Wọ́n fún yín ni."

Ẹ̀yin ará, mo ti rí ọkùnrin yẹn níwájú àgbáǹréré, kò mì. Ọjọ́ yẹn ó jókòó sórí ilẹ̀. Ó ṣí fìlà, ó yọ ìṣẹ́tí náà kúrò láàárín ìrù, ó ká aṣọ tí ó ya, ó sì padà wọ gíláàsì láì mú ìbọn.

Ìyá Alábẹ́rẹ́ rí i lókèèrè. "Ṣé ìwọ ni ọdẹ tí ó pa wá?"

"Èmi ni, Ìyá."

"Kò burú. A ò tí ì sin ara wa. Jókòó."

Kò bú u. Èébú ì bá sàn fún un. Ó fún un ní abẹ́rẹ́, ó ní kí ó rán ìṣẹ́tí náà padà fúnra rẹ̀, kí ó má sì bo ibi tí ó gbé rán an, kí ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn lè rí ibi tí ó ti já. Ìka tí Ọdẹ́rìndé fi ń fa ìbọn tóbi jù fún abẹ́rẹ́. Ó gún ara rẹ̀ títí aṣọ náà fi ní àmì ẹ̀jẹ̀. Àwọn aránṣọ tí ń kọjá ń wò ó, ọ̀kan sọ pé, "Bàbá, aṣọ ni, kì í ṣe ẹkùn, ẹ rọra dì í mú." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Nígbà tí ó rán an tán, ìyá náà kọ́ ọ ní ohun tí ó kù.

"Bí nǹkan kan lára tiwa kò bá bá ilé rẹ mu, má ṣe gé e, má sì kun orí rẹ̀. Rán tìrẹ lọ́tọ̀, kí o nà án bò ó. Bí òwú wa bá dé, á tún tiwa ṣe nísàlẹ̀, tìrẹ á sì wà lókè bí o ti fi í sí."

"Orúkọ mi ńkọ́, Ìyá?"

"Ó ní àyè tirẹ̀. Lẹ́yìn tiwa ni."

Ó mú abẹ́rẹ́, ó rán orúkọ tirẹ̀ sí ìparí, lẹ́yìn gbogbo wọn. Kò fi oríkì kún un.

Nígbà tí ó délé, fèrèsé aṣọ náà ṣì ń la ẹnu fún àwòrán tí kò sí. Ọdẹ́ronkẹ́ ni ó ronú kàn án. Ó lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó po amọ̀ láti inú kòtò ìyá rẹ̀, ó tẹ́ aṣọ fẹ́ẹ́rẹ́ kan, ó ní kí bàbá òun di ẹ̀gbẹ́ kejì mú. Ó yí ṣùkù àgbàdo sínú amọ̀, ó sì yí i gba orí aṣọ náà kọjá. Ojú ilà wẹ́wẹ́ jáde, bí ti ọrùn ìkòkò. Wọ́n nà án bo ojú fèrèsé gbogbo. Kò sí ẹni tí yóò rí i ní Òkè-Ìtàpá tí kò ní mọ ọwọ́ tí ó ni ín. Òwú àwọn aránṣọ dé lẹ́yìn èyí, ó rí ìṣẹ́tí, ó wọ inú aṣọ náà, ó dí ibi tí ó ya, ilà ṣùkù àgbàdo kò sì yẹ̀ lókè. Ṣùgbọ́n orin tí ó lọ kò padà. Èmi kò ní parọ́ fún yín kí ìtàn mi lè dùn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Ọdẹ́ronkẹ́ sùn lọ níbi tí ó jókòó sí, ẹnu rẹ̀ pa dé, kò sì sí ọ̀rọ̀ kankan tí ó parẹ́. Ọdẹ́rìndé wà lẹ́yìn ògiri níta. Ó gbọ́ ohùn kan nínú ilé, ohùn obìnrin àjèjì kan tí ó ti ọ̀nà jíjìn wá, tí ó ń kàwé sókè fún ara rẹ̀, tí ó ń dúró níbi tí kò yẹ kí ó dúró. Ọ̀rọ̀ Àwẹ̀ró ni ó ń kà: "Ọkọ mi ń pa ẹkùn lójú oorun. Ó ń hanrun, ó ń pa wọ́n lọ ní méjì-méjì, bẹ́ẹ̀ eku ń jẹ ẹran gbígbẹ rẹ̀ lórí àjà." Obìnrin àjèjì náà bú sẹ́rìn-ín. Ó tún un kà, ó tún rẹ́rìn-ín.

Ọdẹ́rìndé fi ẹ̀yìn ti ògiri, ó rọra jókòó. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin Àwẹ̀ró, kò bá a sọ̀rọ̀ rí, kò tilẹ̀ bá a sọ̀rọ̀ lójú àlá.

"Irọ́ ni, Àwẹ̀ró," ó ní. "Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni mo ń pa wọ́n."

Bí mo bá bù mọ́ ọn, kí ajá mi kọ ìpè mi lọ́la. Ẹ padà sí ìdí odó yín.